Gbèsè Tí Ọkàn Ènìyàn Jẹ Màlúù

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ wa ní Ìlùà, níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ ìlú)

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí lè ṣe àjèjì ní etí àwọn mìíràn. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọkàn tí a fi ọwọ́ ṣe, èyí tí àwọn oníṣègùn ń fi sí àyà ènìyàn nígbà tí ọkàn tí Ẹlẹ́dàá fún un bá kọ iṣẹ́. A sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹran tí a kọ́kọ́ fi irú ọkàn bẹ́ẹ̀ sí nínú kí ó tó kan ènìyàn. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan Ìlùà nínú ọ̀ràn tí a ṣe ní Amẹ́ríkà. Èsì wa ni pé ẹran tí ó ru ẹrù iṣẹ́ náà jù lọ ni ẹgbọrọ màlúù, àwa ará ilẹ̀ ọ̀dàn yìí sì mọ màlúù dáradára. Ní gàá tí ó yí wa ká ni a ti ń ra wàrà. Ní ẹ̀bá oko wa ni agbo màlúù ti ń kọjá, nígbà mìíràn wọ́n a sì wọ inú oko, ìjà a sì dé. Kò sì sí ìnáwó ńlá tí a ó ṣe ní ìlú yìí tí a kò ní pa màlúù. Àwa tí à ń jẹ ẹran rẹ̀, tí à ń jẹ wàrà rẹ̀, tí a sì ń fi awọ rẹ̀ ṣe bàtà, ó yẹ kí a gbọ́ ohun mìíràn tí ó tún ti ṣe fún ọmọ aráyé, kí a sì bi ara wa léèrè ohun tí a jẹ ẹ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ọkàn jẹ́. Nínú èdè wa, orúkọ kan náà ni a fi ń pe ẹran ara tí ń lù ní àyà láìsinmi àti ibi tí ìfẹ́, ìbẹ̀rù àti ìpinnu ti ń jáde wá. A máa ń wí pé ọkàn ẹnìkan balẹ̀, pé ọkàn ẹlòmíràn dàrú. Oníṣègùn kò bá wa jiyàn lórí èyí; ṣùgbọ́n ẹran ara náà ni òun ń wò. Ní ojú tirẹ̀, ẹ̀rọ ni ọkàn, tí ń fa ẹ̀jẹ̀ wọlé tí ó sì ń tì í jáde. Ó tóbi tó ìkúùkù ẹni tí ó ni í. Yàrá 4 ni ó wà nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti kọjá padà sẹ́yìn. Ó ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 ní ọ̀sán kan àti òru kan, ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ tí ó tó lítà 5 kiri ara ní ìṣẹ́jú kan. Kò ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀, kò ní ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ a wú, èémí a máa ká ènìyàn mọ́ àyà, ẹni náà kò sì ní lè dùbúlẹ̀ sùn bí kò ṣe pé kí ó jókòó ti ìrọ̀rí. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti rí irú èyí nínú ilé, tí a sì wí pé ayé ni, tàbí pé ogún ìdílé ni.

Ó pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń rò ó pé bí ọkàn bá jẹ́ ẹ̀rọ, ó yẹ kí a lè ṣe ẹ̀rọ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ta ni a ó ti dán an wò? Kò sí baba tí yóò yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ fún ìdánwò àkọ́kọ́. Ẹran ni a yọ̀ǹda.

Ní ọdún 1935, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, John Gibbon, gba ẹ̀jẹ̀ ológbò kan kọjá nínú ẹ̀rọ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ti ẹ̀dọ̀fóró pọ̀, ológbò náà sì wà láàyè. Ọdún 18 ni ó gbà á láti ìgbà náà, lára ológbò àti lára ajá, pẹ̀lú ogun tí ó dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró láàárín, kí ó tó di ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1953. Ní ọjọ́ náà ni ó lo ẹ̀rọ yìí fún ọmọbìnrin ọlọ́dún 18 kan ní ìlú Philadelphia, tí ó dí ihò tí ó wà nínú ọkàn rẹ̀, tí ọmọ náà sì yè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀rọ yìí sí ọkàn, nítorí a ó tún padà kàn án.

Ẹ̀rọ Gibbon kì í wọ inú ara. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni ó ń dúró, fún wákàtí díẹ̀ péré. Èyí tí yóò wọ inú àyà tí yóò sì máa gbé ibẹ̀ ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1937, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Vladimir Demikhov, ti fi irú rẹ̀ dán ajá kan wò, ajá náà sì gbé wákàtí díẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1957, ní ìlú Cleveland, àwọn ọkùnrin méjì fi ọkàn tí a fi ike ṣe sí àyà ajá mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni Willem Kolff, ọmọ ilẹ̀ Holland, ẹni tí ó ti ṣe ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kọ iṣẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wà lórí ilẹ̀ wọn. Èkejì ni Tetsuzo Akutsu, ọmọ ilẹ̀ Japan. Ajá náà gbé ìṣẹ́jú 90. Ẹni tí kò ní sùúrù ì bá ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé. Àwọn kò lọ.

Ní ọdún 1967, Kolff kó lọ sí Yunifásítì Utah. Níbẹ̀ àti ní àwọn ilé ìwádìí mìíràn, ẹgbọrọ màlúù àti àgùntàn ni a wá ń lò jù lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àyà ẹgbọrọ màlúù gba ẹ̀rọ tí ó bá àgbàlagbà ènìyàn mu, ẹran náà sì jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ tí ó lè dúró ní ibi kan kí a máa tọ́jú rẹ̀. Àléébù kan ni ó ní, èyí tí gbogbo darandaran mọ̀: ó ń yára dàgbà. Ẹran ń tóbi, ṣùgbọ́n ọkàn tí a fi ọwọ́ ṣe kò lè tóbi bá a. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ ń tì kò ní tó ara náà mọ́, kí ẹ̀rọ má tilẹ̀ bàjẹ́ rárá.

Àwọn tí ń tọ́jú àwọn ẹran yìí sọ wọ́n ní orúkọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sọ ajá wa ní orúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Abebe, orúkọ kan náà pẹ̀lú Abebe Bikila, ọmọ Ethiopia tí ó sá eré ìje ọ̀nà jíjìn láìwọ bàtà ní Róòmù ní ọdún 1960 tí ó sì borí gbogbo ayé. Abebe ti inú agbo màlúù gbé ọjọ́ 184 pẹ̀lú ọkàn tí a fi ọwọ́ ṣe. Òmíràn, tí a sọ ní orúkọ akéwì Gẹ̀ẹ́sì nì, Tennyson, gbé ọjọ́ 268 ní ọdún 1981. Láti ìṣẹ́jú 90 dé ọjọ́ 268: ẹ ro iye ẹran tí ó kú láàárín àkàsọ̀ ìsàlẹ̀ àti ti òkè.

Kí ni ikú wọn kọ́ni? Ó kọ́ni pé ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́ràn ohun àjèjì. Bí ó bá kan ike tí kò dán tó, yóò dì, ẹ̀jẹ̀ dídì náà yóò sì lọ dí iṣan ọpọlọ. Ó kọ́ni pé ojú ihò tí okùn rọ́bà gbà wọ inú ara ni àrùn ń gbà wọlé. Ó kọ́ni pé rọ́bà tí ń tẹ̀ tí ó sì ń nà ní ìgbà 100,000 lójúmọ́ yóò já ní ọjọ́ kan, àti pé a gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ náà kí ó tó dé. Ẹran kọ̀ọ̀kan tí ó kú ni a là wò, a sì kọ ohun tí ó pa á sínú ìwé kí èyí tí ó tẹ̀lé e má bàa kú ikú kan náà. Ìwé yẹn ni ọkàn tí a fi ọwọ́ ṣe. Ike àti irin kàn jẹ́ èèpo rẹ̀ ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kò dúró ka ìwé náà tán. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1969, ní ìlú Houston, dókítà ńlá kan, Denton Cooley, fi ọkàn tí Domingo Liotta ṣe sí àyà ọkùnrin ẹni ọdún 47 kan. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a fi irú ọkàn bẹ́ẹ̀ rọ́pò ti ènìyàn pátápátá. Ó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 64, a sì rí ọkàn ẹni tí ó kú fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi kú. Àwọn ẹgbọrọ màlúù tí a ti fi irú ẹ̀rọ náà dán wò kò pẹ́ láyé, nítorí náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bá a wí pé kò jẹ́ kí ẹran jẹ́rìí tán kí ó tó gbé iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Èsì tirẹ̀ ni pé aláìsàn náà ń kú lọ lójú òun, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. A kò jókòó níhìn-ín láti dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Bí a bá ti fi ẹran ṣe ìdánwò tí a kò sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀, a ti pa ẹran náà lásán, a sì ti sọ ènìyàn di ẹran ìdánwò.

Ní Utah, wọ́n dúró. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1982, William DeVries fi ọkàn tí a ń pè ní Jarvik-7 sí àyà Barney Clark, oníṣègùn eyín, ẹni ọdún 61. Ìròyìn tí ó tàn kálẹ̀ nígbà náà ni pé ìyàwó rẹ̀ bi àwọn dókítà bóyá ọkọ òun yóò ṣì lè fẹ́ràn òun lẹ́yìn tí a bá yọ ọkàn rẹ̀. Ọmọ Yorùbá yóò mọ ohun tí obìnrin náà ń béèrè dáradára. Ọkùnrin náà jí, ó sì dá àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ 112 ni ó gbé, tí okùn rọ́bà so ó mọ́ ẹ̀rọ atẹ́gùn kan tí ó wúwo ju ènìyàn méjì lọ. Ó jẹ ìyà púpọ̀. Nígbà tí ó sì kú ní oṣù Kẹta ọdún 1983, ara yòókù ni ó kọ iṣẹ́. Ọkàn náà ṣì ń lù. Ẹni tí ó tẹ̀lé e, William Schroeder, gbé ọjọ́ 620, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dídì kọlu ọpọlọ rẹ̀. Níhìn-ín ni a ti rí òpin ẹ̀rí ẹran: ẹgbọrọ màlúù lè sọ fún wa bóyá rọ́bà yóò já, kò lè sọ fún wa bí ó ti rí láti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tàbí láti wá ọ̀rọ̀ sọ kí ahọ́n kọ̀.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ti lọ síwájú. Ní ọdún 2004, ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí ọkàn tí ó ti ara Jarvik-7 wá, kí a máa fi gbé ẹni tí ń dúró de ọkàn ènìyàn ró. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ní Paris, a fi ọkàn tí Alain Carpentier pète rẹ̀ sí àyà ẹni ọdún 76 kan; awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó yí ọkàn màlúù ká ni a fi bo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń kàn án, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì. Ní ọdún 2024, ní Houston kan náà, a lo ọkàn mìíràn tí kò ní rọ́bà tí ń nà rárá. Àgbá kékeré kan ni ó ń yí nínú rẹ̀, tí agbára òòfà gbé dúró láìfara kan ohunkóhun. Ara àgùntàn àti ẹgbọrọ màlúù ni èyí náà ti gba ìwé ẹ̀rí. Àti pé ní gbogbo ayé lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń rìn kiri tí ilẹ̀kùn ọkàn wọn jẹ́ awọ màlúù. Nítorí náà, kì í ṣe ìdánwò nìkan ni a fi màlúù ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ti wọ inú àyà wa, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtàn òkèèrè ni gbogbo èyí. Ilẹ̀ tiwa náà ti jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ rí, ní Yábà ní Èkó. Ní ọdún 1925, Rockefeller Foundation rán àwọn oníṣègùn wá síbẹ̀ láti wádìí ibà pọ́njú, àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, tí ń pa ènìyàn bí ẹni ṣán koríko. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń wá ẹran tí àrùn náà yóò mú, wọn kò rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan tí ń jẹ́ Asibi, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí, wọ́n sì fi sí ara ọ̀bọ kan, irú èyí tí ilẹ̀ Índíà ni ilé rẹ̀. Asibi yè; ọ̀bọ kú. Láti ara ọ̀bọ náà ni a ti mọ̀ dájúdájú pé kòkòrò tí ojú kò lè rí ni ó ń fa àrùn yìí. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà, kó àrùn kan náà ó sì kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Noguchi, ọmọ Japan, kú ní Àkrà ní oṣù Karùn-ún ọdún 1928. Kòkòrò tí a gbà lára Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ títí ó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọdún 1937. Abẹ́rẹ́ náà ni a ṣì ń gún fún àwọn ọmọ wa títí di òní. Ta ni nínú wa tí ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀bọ náà?

Ẹ̀rọ Gibbon náà, tí a ní kí ẹ fi sí ọkàn, ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1974, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Enugu, Ọ̀jọ̀gbọ́n Udekwu àti Magdi Yacoub, ọmọ Íjíbítì tí ó ti London wá, ṣe iṣẹ́ abẹ nínú ọkàn tí a ṣí sílẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìbàdàn náà sì tẹ̀lé wọn lẹ́yìn náà. Irú ẹ̀rọ tí ó ń mí fún aláìsàn tí ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kiri nígbà tí ọkàn bá dúró ni èyí tí a ti ara ológbò ọdún 1935 rí kọ́. Ìyá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ jáde láàyè nínú yàrá iṣẹ́ abẹ ọkàn ní Ìbàdàn jẹ gbèsè, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìmọ̀ràn méjì ni ó wọ́pọ̀ lórí ọ̀ràn yìí, a kò sì gba ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn kan wí pé, "Màlúù ni, ọjọ́ wo ni a kì í pa màlúù?" A dá wọn lóhùn pé ẹran tí alápatà fi ọ̀bẹ mímú pa, ìrora rẹ̀ kò pẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí okùn rọ́bà ti inú àyà rẹ̀ yọ jáde ń gbé bẹ́ẹ̀ fún oṣù 6, a kò sì lè pe méjèèjì ní ohun kan náà. Ẹni tí yóò bá fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Àwọn mìíràn wí pé ìwà ìkà gbáà ni, kí a fi òpin sí i lónìí. A bi àwọn náà léèrè pé ara ta ni kí a ti dán ẹ̀rọ tí ó kàn wò? Bí a bá mú ẹran kúrò ní ojú ọ̀nà nígbà tí a kò tíì ní ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀, ẹni tí a ó mú dípò rẹ̀ kò ní jẹ́ ọmọ olówó. Tálákà ni yóò jẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ yìí pé kí ẹran kú dípò ènìyàn. Àwọn baba wa mọ ẹbọ tí a fi ẹran pààrọ̀ ẹ̀mí. Ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù ń rántí àgbò ní ọjọ́ Iléyá. Kristẹni ka ìtàn Ábúráhámù kan náà. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹni tí ẹran kú dípò rẹ̀ kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ikú náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Iléyá mọ̀ pé a kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú àgbò, pé a kì í fi ebi àti òùngbẹ pa á kí a tó pa á. Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ kì í ta ẹran kí ó fi sílẹ̀ kí ó máa jẹ̀rora nínú igbó. Yóò tọ ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi bá a. Ohun tí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè wá fi sínú òfin wà nínú ìwà wa tipẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lórí fífi ẹran ṣe ìdánwò ní ọdún 1876, Amẹ́ríkà ní ọdún 1966. Ní ọdún 1959, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Russell àti Burch, kọ ìlànà mẹ́ta sílẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò báyìí: kí a fi ohun mìíràn rọ́pò ẹran níbi tí ó bá ṣeé ṣe, kí a dín iye ẹran kù, kí a dín ìrora rẹ̀ kù. Nítorí ìlànà wọ̀nyí ni a fi ń kọ́kọ́ dán ọkàn tí a fi ọwọ́ ṣe wò nínú ọ̀pá omi àti nínú kọ̀ǹpútà fún ìgbà pípẹ́, kí ó tó kan ẹgbọrọ màlúù. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ìgbìmọ̀ tí ń yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Sí ìlànà mẹ́ta wọ̀nyí ni àwa yóò fi ìkẹrin kún, nítorí pé ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ni ó ti ń dunni jù. Ìkẹrin náà ni pé kí oore tí ẹran kú fún dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó nílò rẹ̀. Bí a bá pa ẹgbọrọ màlúù lọ́pọ̀lọpọ̀ kí ènìyàn díẹ̀ ní ìlú ńlá lè gbé ọdún kan sí i, tí ará Ìlùà sì ń kú ikú àárẹ̀ ọkàn láìsí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀ wò, ìdajì gbèsè ni a san. A kò retí pé kí ọkàn tí a fi ọwọ́ ṣe dé Òkè-Ògùn ní ọ̀la. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ba ọkàn jẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ wa ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ohun tí a sì fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kò wọ́n, kò sì ju ohun tí a lè fi ọwọ́ kan gbé lọ. Òun náà, ẹran ni ó kọ́kọ́ san owó rẹ̀. Àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Stephen Hales, ni ó kọ́kọ́ wọn agbára ẹ̀jẹ̀. Ó ti ọ̀pá gíláàsì bọ iṣan ẹṣin kan, ẹ̀jẹ̀ náà sì gun òkè ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ. Ó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1733. Àwa ọmọ Ọ̀yọ́, tí àwọn baba wa fi ẹṣin jagun, kò yẹ kí a jẹ́ kí ẹṣin náà kú lásán.

Nítorí náà ni a fi mú àbá mẹ́ta wá síwájú Kábíyèsí àti síwájú Ẹgbẹ́. Èkíní, kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo ẹni tí ó bá wá sí ìpàdé wa ní oṣooṣù, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè kí ojú má bàa ti ẹnikẹ́ni, kí ẹni tí tirẹ̀ bá ga sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ké kí ó tó pani. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní i ni kò mọ̀. Èkejì, kí Ẹgbẹ́ kọ ìwé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ń fi ẹran ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ Yorùbá, kí a bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bí wọ́n ti ń pa àwọn ìlànà náà mọ́, kí a sì bẹ̀ wọ́n láti tẹ ohun tí ẹran kọ́ wọn jáde, ìbáà jẹ́ pé ìdánwò náà yọrí sí rere tàbí kò yọrí sí rere. Nítorí ìdánwò tí a fi pamọ́, ẹlòmíràn yóò tún pa ẹran mìíràn láti ṣe é. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ìjòyè tí ọjà ẹran wà ní ìkáwọ́ wọn rí i pé a kò fi okùn wọ́ màlúù kiri ilẹ̀, pé a fún un ní omi, pé ọ̀bẹ alápatà mú. Ẹni tí kò lè ṣe èyí fún màlúù tí ó wà ní ojú rẹ̀ kò ní ẹnu láti bá ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ nípa èyí tí ó wà ní Utah.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Màlúù kò lè béèrè gbèsè. Kò ní ẹnu tí yóò fi pe ẹjọ́, kò sì sí ìjòyè tí yóò rán wá bá wa. Màlúù tí kò ní ìrù, Ọlọ́run ni í bá a lé eṣinṣin. Ẹ jẹ́ kí àwa tí ó fún ní ọgbọ́n bá a lé díẹ̀ nínú rẹ̀.

 Kí Ọlọ́run dá ọkàn olúkúlùkù wa sí. Àṣẹ.